Iná méjì tí frequency wọn ò dọ́gba nínú wáyà kan: bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

  Àwọn kan ní data àwọn kò gbé voice note tó gùn, ìdí nìyẹn tí a fi tẹ ọ̀rọ̀ náà síbí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, ẹ lè fi èyí rántí. Ẹni tí kò tíì gbọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ mú bírò àti ìwé dání, torí ìṣirò wà níbẹ̀.

Àbúrò wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní poly ló gbé ìbéèrè wá. Wọ́n fún wọn ní circuit kan tí orísun iná méjì wà nínú rẹ̀. Ìkíní jẹ́ 100 volt ní 50 Hz, ìkejì jẹ́ 40 volt ní 150 Hz. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kàn ro méjèèjì pọ̀ kó di 140 volt ni?"

Rárá o. Kì í sì í ṣe torí ìdánwò nìkan ni mo ṣe ń sọ pé rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa wáyà sí plaza, ẹ̀yin tí ẹ ń ta inverter, ẹ̀yin tí ẹ ń so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé, ọ̀rọ̀ yín gan-an nìyí. Wáyà tó ń gbóná nínú ògiri ò mọ ẹni tó lọ sí poly yàtọ̀ sí ẹni tí kò lọ.

OHÙN KÌÍNÍ: KÍ NI FREQUENCY, KÍ LÓ SÌ DÉ TÍ A KÒ LÈ DÀ WỌ́N PỌ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Iná bátìrì ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Iná NEPA ń lọ, ó ń bọ̀. Bó bá lọ tó sì bọ̀, ìyípo kan nìyẹn. Iye ìyípo tó ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan la ń pè ní frequency. Ní Nàìjíríà níbí, 50 ni. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni. Hz tí ẹ ń rí lára ẹ̀rọ, òun náà ni.

Tó bá jẹ́ frequency kan ṣoṣo ló wà nínú circuit, iṣẹ́ wa rọrùn. Ní ọdún 1893, Charles Proteus Steinmetz fi ọ̀nà kan han àwọn onímọ̀ iná níbi ìpàdé ńlá wọn ní Chicago. Dípò kí èèyàn máa ya ìgbì iná káàkiri ìwé, ó lè fi ọfà kan ṣojú voltage tàbí current kọ̀ọ̀kan. Bí ọfà náà ṣe gùn tó ni iná náà ṣe tó. Ibi tó kọjú sí ló ń sọ bóyá iná náà ṣáájú tàbí ó ń rìn lẹ́yìn. Phasor ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, àmọ́ èmi á máa pè é ní ọfà. A lè ro ọfà pọ̀ mọ́ ọfà, a lè yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ á sì parí kíá.

Àmọ́ májẹ̀mú kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọfà yìí: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa yí ní ìyára kan náà.

Ẹ wo aago ara ògiri yín. Ọwọ́ gígùn wà, ọwọ́ kúkúrú wà. Tí aago bá lu 12, àwọn méjèèjì wà lórí ara wọn. Tí aago bá lu 3, àlàfo wọn jẹ́ 90 dígírì. Tó bá lu 6, wọ́n ti kọ ẹ̀yìn síra wọn. Tí ẹnì kan bá wá bi yín pé, "Kí ni dígírì àárín ọwọ́ méjèèjì?", ẹ ò ní lè dá a lóhùn. Ẹ máa ní, "Aago mélòó lò ń sọ?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni 50 Hz àti 150 Hz. Ọfà ti àkọ́kọ́ ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ìkejì ń yí ní ìgbà 150. Àlàfo wọn kò dúró sójú kan. Torí náà, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ya méjèèjì sórí àwòrán kan kí ẹ wá wọn dígírì àárín wọn. Ìdáhùn yòówù tí ẹ bá rí níbẹ̀, irọ́ ni.

Ohun kejì tún wà. Kọ́ìlì àti kápásítọ̀ kì í dá gbogbo frequency dúró bákan náà. Bí frequency bá ń ròkè, kọ́ìlì á máa le sí i. Ti kápásítọ̀ yí padà, ńṣe ló ń dẹ̀ sí i. Kọ́ìlì tó jẹ́ 10 ohm fún iná 50 Hz máa jẹ́ 30 ohm fún iná 150 Hz, torí 150 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 50. Kápásítọ̀ tó jẹ́ 30 ohm ní 50 Hz máa já sí 10 ohm péré ní 150 Hz. Rẹsísítọ̀ nìkan ni kì í ṣe ojúsàájú: 10 ohm rẹ̀ ṣì jẹ́ 10 ohm. Ẹ rí i pé circuit kan ṣoṣo ni lójú wa, àmọ́ lójú iná, circuit méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

OHÙN KEJÌ: Ẹ ṢÍ ÌWÉ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀ FÚN WỌN

Ẹ rántí alájọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àjọ ojoojúmọ́ ní ìwé tirẹ̀, èésú oṣooṣù ní ìwé tirẹ̀. Kì í kọ tibí sínú tọ̀hún, torí ọjọ́ tí wọ́n ń dá wọn kò bára mu. Tó bá ṣírò ti ìkíní tán, tó ṣírò ti ìkejì tán, ìgbà yẹn ló tó lè sọ iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lápapọ̀. Ohun tí a máa ṣe fún iná náà nìyẹn. Superposition ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni:

1. Ẹ mú frequency kan. Ẹ pa orísun iná tí kì í ṣe ti frequency yẹn. Orísun voltage, ẹ fi wáyà dípò rẹ̀. Orísun current, ẹ gé e kúrò, ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀.
2. Ẹ ṣírò ìdènà kọ́ìlì àti kápásítọ̀ fún frequency yẹn nìkan, kí ẹ wá fi ọfà wá current rẹ̀.
3. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún frequency tó kù, ní ojú ìwé mìíràn.
4. Ẹ ro àwọn èsì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbì tó ń lọ pẹ̀lú àkókò. Ẹ má ro ọfà pọ̀ mọ́ ọfà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ti àbúrò wa. Circuit rẹ̀ ní rẹsísítọ̀ 10 ohm àti kọ́ìlì kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 10 ohm ní 50 Hz, tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Orísun iná méjèèjì wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú wọn.

Ìwé kìíní, 50 Hz. Rẹsísítọ̀ 10, kọ́ìlì 10. A kì í ròpọ̀ wọn di 20, torí wọ́n dúró ní 90 dígírì síra wọn. Ẹ sọ 10 di ìlọ́po ara rẹ̀, 100 ni. Ẹ ṣe ti ìkejì, 100 ni. Àpapọ̀ jẹ́ 200, square root rẹ̀ jẹ́ 14.14 ohm. Ẹ fi 14.14 pín 100 volt, ẹ máa rí 7.07 amp. Current náà ń rìn lẹ́yìn voltage rẹ̀ pẹ̀lú 45 dígírì.

Ìwé kejì, 150 Hz. Rẹsísítọ̀ ṣì jẹ́ 10, àmọ́ kọ́ìlì ti di 30. 100 àti 900 jẹ́ 1,000, square root rẹ̀ jẹ́ 31.62 ohm. Ẹ fi 31.62 pín 40 volt, ẹ máa rí 1.265 amp. Eléyìí ń rìn lẹ́yìn voltage tirẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 71.6 dígírì.

Ẹ ṣàkíyèsí o: 45 dígírì ti ìwé kìíní àti 71.6 dígírì ti ìwé kejì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìyípo 50 Hz la fi wọn ti ìkíní, ìyípo 150 Hz la fi wọn ti ìkejì. Ẹ má yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì láéláé.

Tí olùkọ́ bá ní kí ẹ kọ current náà jáde pátápátá, tí orísun méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ẹ máa kọ nìyí: i = 10 sin(ωt − 45°) + 1.79 sin(3ωt − 71.6°), níbi tí ω ti dúró fún 50 Hz. Ẹ lè béèrè pé ibo ni 10 àti 1.79 ti wá. Góńgó ìgbì ni wọ́n: 7.07 àti 1.265 tí a sọ di ìlọ́po 1.414. Ibi tí ìṣirò dé nìyẹn. Ẹ má gbìyànjú láti sọ méjèèjì di sin kan ṣoṣo, kò ṣeé ṣe.

OHÙN KẸTA: IYE AMP TÓ Ń GBA INÚ WÁYÀ, ÀTI OORU TÓ Ń MÚ WÁ

"Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́, àmọ́ amp mélòó ni wáyà náà ń gbé?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí òun la fi ń ra wáyà.

Tí frequency wọn bá yàtọ̀, RMS wọn kì í ròpọ̀ tààrà. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ro àwọn yẹn pọ̀, kí ẹ wá mú square root. 7.07 nílọ̀ọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 50. 1.265 nílọ̀ọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 1.6. Àpapọ̀ jẹ́ 51.6. Square root rẹ̀ jẹ́ 7.18 amp. Kì í ṣe 8.3 tí ẹni tó kàn ro 7.07 àti 1.265 pọ̀ máa rí. Kì í sì í ṣe 9.9 tí ẹni tó fi 14.14 pín 140 volt máa rí.

Ooru wá ńkọ́? Rẹsísítọ̀ jẹ́ 10 ohm, ẹ fi ṣe ìlọ́po 51.6, ẹ máa rí 516 watt. Ẹ wò ó dáadáa: 50 Hz mú 500 watt wá, 150 Hz mú 16 watt wá, 500 àti 16 jẹ́ 516. Tí frequency bá yàtọ̀, agbára wọn ṣeé ròpọ̀ tààrà. Ẹni tó fi 9.9 amp ṣírò máa rí 980 watt, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì òótọ́.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ rò ó bíi jangilọ́fà. Ọmọdé kan jókòó sórí rẹ̀, ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀. Ẹni tó bá ń tì í ní àsìkò tó bá fífì rẹ̀ mu ń ran án lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Àmọ́ tí ẹlòmíràn bá wá ń tì í ní ìyára tirẹ̀ tí kò bá fífì yẹn mu, nígbà mìíràn á ràn án lọ́wọ́, nígbà mìíràn á dá a dúró. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìrànlọ́wọ́ àti ìdílọ́wọ́ ti pa ara wọn rẹ́. Bákan náà ni voltage 50 Hz àti current 150 Hz: agbára tí wọ́n jọ ń ṣe lápapọ̀ jẹ́ òdo. Voltage kọ̀ọ̀kan ń bá current frequency tirẹ̀ nìkan ṣiṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ méjì níbí. Ìkíní, òfin ìlọ́po ara rẹ̀ yìí wà fún frequency tó yàtọ̀ nìkan. Tí orísun méjèèjì bá jẹ́ 50 Hz, ẹ padà sórí ọfà. 100 volt àti 40 volt tó kọjú síbì kan náà jẹ́ 140 volt lóòótọ́. Tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra wọn, 60 volt ni.

Ìkejì, ooru ń tẹ̀ lé RMS, àmọ́ góńgó voltage ni rọ́bà ara wáyà àti inú kápásítọ̀ ń fara gbá. Voltage àbúrò wa lápapọ̀ jẹ́ 107.7 volt RMS. Ṣùgbọ́n góńgó 100 volt jẹ́ 141, ti 40 volt jẹ́ nǹkan bíi 57. Tí góńgó méjèèjì bá pàdé, ó lè dé 198 volt. Ẹ má fi RMS nìkan yan kápásítọ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé mítà tí kò gbówó lórí sábà máa ń wọn àròpín ìgbì ni, tó sì ń fi ojú sin tó mọ́ gaara túmọ̀ rẹ̀. Bí frequency mìíràn bá ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ohun tó ń fi hàn lè má jóòótọ́. Ẹ wá mítà tí wọ́n kọ true RMS sí lára.

OHÙN KẸRIN: 10 VOLT TÓ JU 230 VOLT LỌ

Ẹ jẹ́ ká fi kápásítọ̀ kún un. Ká ní rẹsísítọ̀ 1 ohm, kọ́ìlì tó jẹ́ 2 ohm ní 50 Hz, àti kápásítọ̀ tó jẹ́ 50 ohm ní 50 Hz, gbogbo wọn ní ìlà kan. Iná tó ń bọ̀ jẹ́ 230 volt ní 50 Hz, àmọ́ 10 volt ti 250 Hz fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ní, "10 volt lára 230, kí ni yẹn já mọ́?"

Ìwé kìíní, 50 Hz: kọ́ìlì àti kápásítọ̀ ń ta ko ara wọn, nítorí náà ẹ yọ 2 kúrò nínú 50, ó ku 48. Rẹsísítọ̀ 1 kò fi bẹ́ẹ̀ kún un. Ẹ fi 48 pín 230, ẹ máa rí 4.79 amp.

Ìwé kejì, 250 Hz, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún: kọ́ìlì di 10 ohm. Kápásítọ̀ já sí 10 ohm. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, òdo ni! Wọ́n ti pa ara wọn rẹ́. Rẹsísítọ̀ 1 ohm nìkan ló kù láti dá iná náà dúró. 10 volt lórí 1 ohm jẹ́ 10 amp.

Ṣé ẹ rí i? 230 volt gbé 4.79 amp, 10 volt gbé 10 amp. Àpapọ̀ RMS jẹ́ 11.09 amp. Ẹni tó ra kápásítọ̀ fún 5 amp torí 50 Hz nìkan ló ṣírò, kápásítọ̀ rẹ̀ máa wú, ó lè bẹ́. Tí wọ́n bá wá ní kápásítọ̀ náà ò dára, ẹ bi wọ́n pé frequency mélòó ni wọ́n ṣí ìwé fún.

Kódà iná bátìrì náà ní ààyè nínú ètò yìí. DC jẹ́ frequency òdo. Fún ìwé tirẹ̀, kọ́ìlì di wáyà lásán, kápásítọ̀ di ibi tí wáyà ti gé. Òfin kan náà ló bo gbogbo wọn.

OHÙN KARÙN-ÚN: NEUTRAL TÓ Ń JÓ LÁÌṢẸ̀

Ẹ̀yin onípláza, ẹ dẹ etí. Ẹ lè sọ pé, "NEPA kì í fún wa ní 150 Hz, ibo ló ti ń wá?" Inú ilé wa ló ti ń wá. Gílóòbù LED, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, ṣájà fóònù, púpọ̀ nínú wọn kì í mu iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Góńgó ìgbì ni wọ́n máa ń dúró dè, kí wọ́n tó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Current tó rí ṣágaṣàga bẹ́ẹ̀ kì í ṣe frequency kan. Joseph Fourier, ará Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1822 pé ìgbì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ṣeé tú palẹ̀ sí àwọn sin tí frequency wọn jẹ́ ìlọ́po ti àkọ́kọ́. Ti 50 Hz tiwa á jẹ́ 150, 250, 350, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Harmonic ni wọ́n ń pè wọ́n. Inverter tí ìgbì rẹ̀ rí bí àpótí náà kún fún wọn. Tí ó bá jẹ́ àpótí gidi, ti 150 Hz nìkan tó ìdá mẹ́ta ti 50 Hz.

Nísinsìnyí, ẹ mú ilé tó ń lo phase mẹ́ta. Wọ́n kọ́ wa pé tí ẹrù phase mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, kò sí nǹkan nínú neutral. Òótọ́ ni, fún 50 Hz. Ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi 120 dígírì jìnnà síra, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́.

Ẹ ṣí ìwé 150 Hz. Ohun tó jẹ́ 120 dígírì ní 50 Hz jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ní 150 Hz. 120 ní ìlọ́po mẹ́ta jẹ́ 360. 360 dígírì sì jẹ́ òdo, ó ti yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé 150 Hz ti phase mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú síbì kan náà. Kàkà kí wọ́n pa ara wọn rẹ́, ńṣe ni wọ́n ń kóra jọ sínú neutral.

Ká fi iye sí i. Phase kọ̀ọ̀kan gbé 10 amp ní 50 Hz àti 6 amp ní 150 Hz. RMS phase kan jẹ́ square root 136, ìyẹn 11.7 amp. Neutral: 50 Hz mú òdo wá, 150 Hz mú 6 àti 6 àti 6 wá, ìyẹn 18 amp. Wáyà tí a ní kò gbé nǹkan kan ló wá ń gbé ju phase lọ!

Níbi tí ewu wà gan-an nìyí: fíúùsì àti breaker wà lórí phase, a kì í sábà fi sórí neutral. Phase ń gbé 11.7, breaker 16 amp ò ní mira rárá. Neutral tí ẹnì kan fa ní tínínrín, "torí kò sí nǹkan nínú rẹ̀", á máa gbóná nínú ògiri títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́. Tó bá wá já, àwọn ilé ìtajà tó wà lórí phase tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ lè gba voltage tó ju 230 lọ fíìfíì, kí ẹ̀rọ wọn sì jóná. Ṣọ́ọ̀bù onílé, owó onílé, nígbà mìíràn ẹ̀mí pàápàá. Nítorí náà, níbi tí kọ̀ǹpútà àti LED bá pọ̀ sí, neutral kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju phase lọ, ó sì lè ní láti nípọn jù ú lọ. Ẹ fi mítà true RMS tó ń gbá wáyà mú wọn neutral náà fúnra rẹ̀. Ẹ má wọn phase nìkan kí ẹ lọ sílé.

OHÙN KẸFÀ: JẸNẸRÉTỌ̀ ÀTI NEPA, ÀTI IBI TÍ ÒFIN YÌÍ PIN SÍ

Ẹnì kan béèrè pé tí a bá lè ṣírò frequency méjì nínú circuit kan, ṣé a lè so jẹnẹrétọ̀ mọ́ NEPA pọ̀ nìyẹn? Háà, ẹ má dán an wò o!

Ká ní NEPA wà ní 50 Hz, jẹnẹrétọ̀ wà ní 51 Hz, méjèèjì jẹ́ 230 volt. Níwájú switch tí a kò tíì tì, ìyàtọ̀ voltage wọn kò dúró sójú kan. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bára mu, ìyàtọ̀ á di òdo. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìyàtọ̀ á tó 460 volt. Tí ẹ bá so gílóòbù tó lè gba irú voltage bẹ́ẹ̀ sí ojú switch náà, ẹ máa rí i tó ń tàn, tó ń kú. Ẹni tó bá ti switch yẹn ní àkókò tí kò yẹ, ìdènà kékeré inú wáyà àti inú jẹnẹrétọ̀ nìkan ló máa dá 460 volt dúró. Current tó máa jáde kì í ṣe kékeré, ó lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́ pátápátá.

Orílẹ̀-èdè odidi kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Japan, Tokyo ra ẹ̀rọ AEG ti Jámánì ní 1895, 50 Hz ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Osaka ra ti General Electric ti Amẹ́ríkà, 60 Hz ni. Títí dòní, ìlà-oòrùn wọn ń lo 50, ìwọ̀-oòrùn ń lo 60. Wọn ò lè so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú wáyà lásán. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ iná di DC kí ó tó tún un sọ di AC ló wà láàárín. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní March 2011, tí iná ìlà-oòrùn dínkù, ìwọ̀-oòrùn kò lè fi iná tó pọ̀ tó ránṣẹ́, torí ohun tó lè gba inú ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn kọjá kò pọ̀.

Nílé tiwa, changeover ni ìdáhùn: NEPA nìkan tàbí jẹnẹrétọ̀ nìkan. Ẹ má fi wáyà olórí méjì ti iná jẹnẹrétọ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná yẹn lè padà jáde lọ sára transformer àdúgbò, tó máa gbé e sókè dé 11,000 volt, kó sì pa òṣìṣẹ́ iná tó gun òpó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí iná. Ó ní ìyàwó, ó lọ́mọ.

Ohun tó kẹ́yìn: ọ̀nà ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ níbi tí ohun inú circuit kò bá yí ìwà rẹ̀ padà nítorí bí iná ṣe pọ̀ tó. Rẹsísítọ̀, kápásítọ̀, kọ́ìlì tí irin inú rẹ̀ kò tíì yó. Diode kò sí lára wọn, kọ́ìlì tí irin rẹ̀ ti yó kò sí lára wọn. Àwọn yẹn ló ń dá frequency tuntun sílẹ̀ fúnra wọn. Fún irú wọn, a máa wọn harmonic tí wọ́n ń tú jáde, a ó kà á sí orísun current, kí a tó ṣí ìwé fún circuit tó kù.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Rẹsísítọ̀ 8 ohm àti kọ́ìlì tó jẹ́ 6 ohm ní 50 Hz, ní ìlà kan. Orísun iná méjì: 100 volt ní 50 Hz, àti bátìrì 24 volt. Watt mélòó ni rẹsísítọ̀ ń sọ di ooru? Tí ẹ bá rí 872, ẹ ti gbà á. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi 1,230, ẹ ti da ìwé méjèèjì pọ̀, ẹ padà sí ohùn kejì.

Ẹ ju iṣẹ́ yín sórí group, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kó hàn dáadáa. Ẹni tó bá ní wáyà neutral tó ń gbóná ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó kọ iye tó wọ̀n fún phase àti fún neutral, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ire o.